Ìgbésẹ̀ Kọkànlélógójì

Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí níwájú èèyàn mẹ́sàn-án tí wọ́n jókòó yí tábìlì gígùn kan ká, mo sì búra kí n tó sọ ọ́. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Etí mi méjèèjì yìí ni mo fi gbọ́ ọ, lọ́sàn-án gangan, tí iná ń tàn, tí ara mi sì dá ṣáṣá. Ẹni tó bá gbà mí gbọ́, ó ṣeun. Ẹni tí kò bá gbà, mi ò bá a jà.

Yunifásítì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe pé mò ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ o. Yàrá ìdánwò ni tèmi, ní ìsàlẹ̀ ilé àwọn ẹnjiníà, níbi tí kò ní fèrèsé. Àdéhùn kan wà láàárín ilé ẹ̀kọ́ wa àti ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń gbé ẹrù kọjá ibi tí afẹ́fẹ́ mọ. Àwọn á ṣe nǹkan, wọ́n á gbé e wá, àwa á dán an wò. Bó bá yege, a ó fọwọ́ síwèé. Àwọn náà á sì máa gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa síṣẹ́. Ọ̀tún ń wẹ òsì, òsì ń wẹ ọ̀tún.

Àbúrò mi obìnrin wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà. Ọ̀rọ̀ epo rọ́kẹ́ẹ̀tì ló kàwé lé lórí títí ó fi gboyè ọ̀mọ̀wé. Dókítà là ń pè é nílé, màmá wa a sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn bí dókítà tí kò lè fún ìyá rẹ̀ lábẹ́rẹ́. Àwa méjèèjì péré ni màmá wa bí.

Àárín yàrá wa ni táńkì wà. Irin ni, ó ga ju èèyàn méjì tó dúró léra wọn lórí lọ. Bí a bá ti gbé nǹkan sínú rẹ̀, tí a sì tìlẹ̀kùn, pọ́ǹpù á fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, a ó sì mú un tutù ju yìnyín lọ, kó lè dà bí ọ̀hún lókè níbi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ń lọ. Nígbà tí pọ́ǹpù bá dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ tó máa ń tẹ̀lé e a máa wúwo létí. Ó pẹ́ kó tó mọ́ mi lára.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Bàbá Onítáńkì. Òun ló ń tọ́jú táńkì náà láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e dé. Ọdún mọ́kànlá la fi jọ ṣiṣẹ́. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í pe orúkọ mi. Akọ̀wé ló ń pè mí, torí pé èmi ni mo máa ń di ìwé mú.

Òfin kan wà tí a kì í rú. Pípè àti jíjẹ́ là ń pè é. Ẹnì kan á jókòó ti ìwé, á kọ̀yìn sí táńkì, á máa pe ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kejì á dúró síbi dígí kékeré tó wà lára táńkì, á máa wo géèjì, ohun ìwọ̀n tó lọ́wọ́ bíi ti aago. Ẹni tó ń pè kò gbọdọ̀ wo táńkì. Ẹni tó ń jẹ́ kò gbọdọ̀ wo ìwé. Bó bá rí ohun tí wọ́n pè, á ní, "Mo rí i." Bí kò bá rí i, á ní òun ò rí i. Ìgbà yẹn, a ó tún un pè. Bí ìdáhùn bá sì sáré ṣáájú ìpè, a ó tún un pè bákan náà, torí ẹni tó dáhùn kí wọ́n tó bi í kò tíì wo nǹkan kan. Bó bá di ẹ̀ẹ̀mẹta tí kò rí i, a ó dá iṣẹ́ dúró, a ó bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ọjọ́ méjì gbáko nìyẹn, pẹ̀lú títún táńkì mú tutù.

Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan wà lókè tábìlì tó ń gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Nǹkan ìkẹyìn tí èmi àti Bàbá jọ dán wò ni fáàfù kan, kò tóbi ju orí ọmọ tuntun lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣí ọ̀nà fún epo, kó sì máa dí i. Ìgbésẹ̀ méjìlélọ́gọ́ta ló wà nínú ìwé rẹ̀. Ìkọkànlélógójì ló ṣe pàtàkì jù: fáàfù á padé, ọwọ́ géèjì á padà sórí òdo, á sì dúró síbẹ̀. Bí kò bá dúró sórí òdo, a jẹ́ pé epo ń jò.

Ara Bàbá kò yá lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀. Ó ku oṣù kan kó fẹ̀yìn tì, ó sì ti sọ pé òun fẹ́ fi èyí parí iṣẹ́. Ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ ti wà níta tó ń dúró de fáàfù náà. Ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ tún àdéhùn ṣe, Ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ olórí ẹ̀ka wa sì ti yọjú lẹ́ẹ̀mejì pé báwo la ṣe ń bá a bọ̀.

Mo pè é: "Ìgbésẹ̀ kọkànlélógójì. Fáàfù ti padé. Ọwọ́ géèjì ti padà sórí..."

"Mo rí i," ni Bàbá wí.

Mi ò tíì dé òdo.

Lọ́dún mọ́kànlá, kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó máa ń jẹ́ kí n parí, á mí kanlẹ̀, á wò, kó tó jẹ́. Mo rú òfin, mo yíjú pa dà. Bàbá fi iwájú orí ti ara táńkì. Ojú rẹ̀ pa dé.

Títún un pè kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé bí mo bá tún un pè, kó má lọ sọ pé òun ò rí i. Mo yíjú sí ìwé mi. Mo fàlà sí i pé ó ti rí i. Mo pe ìkejìlélógójì.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún lẹ́yìn náà, Bàbá Onítáńkì kú lójú oorun. Mo sunkún bí ẹni tí bàbá rẹ̀ kú. Ilé ẹ̀kọ́ ní àwọn máa kọ orúkọ rẹ̀ sí ara ilẹ̀kùn yàrá náà.

Oṣù mẹ́rin kọjá. Wọ́n ti de fáàfù mọ́ ẹ́ńjìnnì rọ́kẹ́ẹ̀tì, ní pápá ìdánwò ilé-iṣẹ́ náà, níbi tí àbúrò mi ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n fẹ́ rọ epo sí i fún ìgbà àkọ́kọ́, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Kí wọ́n tó ṣe é, a gbọ́dọ̀ tún ohùn gbogbo ìdánwò wa gbọ́, ká fi wé ìwé, ká kọ bó ṣe gùn tó, ká lu òǹtẹ̀ lé e pé wọ́n bára mu. Ohùn fúnra rẹ̀ kì í kúrò lọ́dọ̀ wa. Ìwé nìkan là ń fi ránṣẹ́.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni mo jókòó tì í. Èmi nìkan ni. Mo ki íápíìsì bọ etí, mo sì ṣí ìwé síwájú mi. Ó kọ́kọ́ dùn mọ́ mi láti gbọ́ ohùn Bàbá. "Mo rí i." "Mo rí i." Ó ń rọra wí i, bí ìṣe rẹ̀. Ní ìgbésẹ̀ kẹtàdínlógún, ó wúkọ́. Mo rántí ikọ́ yẹn.

Ìgbésẹ̀ kọkànlélógójì dé. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń pè é. Mo ń retí kí Bàbá já lu ọ̀rọ̀ mi.

Kò já lù ú. Mo gbọ́ ara mi tí mo pè é dé òdo. Lẹ́yìn náà, ìdákẹ́jẹ́. Ó pẹ́.

"Mi ò rí i," ni Bàbá wí.

Mo dá a dúró. Mo wo ìwé: ìlà tí mo fà wà níbẹ̀ rekete. Mo dá ohùn náà pa dà sẹ́yìn, mo tún un gbọ́.

"Mi ò rí i. Tún un pè, Akọ̀wé."

Èyí tí mo kọ́kọ́ gbọ́ kò ní "tún un pè" nínú. Mo fẹ́ yọ íápíìsì náà, mo tún fi í sílẹ̀. Mo sì gbọ́ obìnrin kan tó tún un pè. Ohùn mi ni. Èmi tí mi ò tún un pè, èmi ni mò ń gbọ́ yìí, mò ń pè é, mò ń rọra pè é, bí èèyàn ṣe ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. "Ìgbésẹ̀ kọkànlélógójì. Fáàfù ti padé. Ọwọ́ géèjì ti padà sórí òdo."

"Mi ò rí i."

Mo tún un pè lẹ́ẹ̀kẹta. Bàbá mí kanlẹ̀.

"Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró sórí òdo o, ọmọ mi. Ó ń gbọ̀n. Dá a dúró."

Lẹ́yìn ìyẹn, mo gbọ́ tí àga há ilẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn dìde. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń rìn lọ síbi tí bọ́tìnnì pọ́ǹpù wà. Ẹsẹ̀ mi ni, mo mọ bàtà tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹsẹ̀ náà dúró. Ó dá wáí. Ìgbà tó ṣe, ohùn mi tó wà níbẹ̀ pe ìkejìlélógójì, Bàbá sì jẹ́ ẹ, bíi pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Mo yọ íápíìsì. Mo wo táńkì. Òfìfo ni, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, wáyà kankan kò sì so mọ́ ọn. Mo dìde, mo lọ wo ẹ̀yìn rẹ̀, kí n má parọ́. Kò sẹ́ni kankan.

Orí kọ̀ǹpútà ni bí ohùn náà ṣe gùn tó wà: wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú méjìlá. Ọwọ́ mi mọ iṣẹ́ ju orí mi lọ nígbà yẹn. Ó kọ ọ́ síwèé.

Mo pe àbúrò mi lórí fóònù.

"Àǹtí mi, ẹ káàsán o!"

"Dókítà."

"Kí ló dé tí ohùn yín rí báyìí?"

"Iṣẹ́ ni. Ṣé ọ̀la náà ni?"

"Ọ̀la ni, aago mẹ́wàá. Fáàfù yín mà ló wà níbẹ̀! Mo ti ń yangàn fún wọn pé ẹ̀gbọ́n mi ló fọwọ́ sí i."

"Ṣé o máa wà nítòsí ẹ̀?"

"Rárá o. Inú ilé kọ̀ǹkéré la máa wà, lọ́nà jíjìn. Àfi bí nǹkan kan bá fẹ́ àtúntò."

Mo wo ìlà tí mo fà sínú ìwé.

"Àǹtí mi? Ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

"Ṣé wọn ò lè sún un síwájú ni?"

"Nítorí kí ni?"

Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Kí n sọ pé òkú ló sọ fún mi? Kí n sọ pé Bàbá Onítáńkì sùn lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tí wọ́n fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀kùn? Kí n sọ pé èmi rí i, mo sì fàlà sí i? Mo lè sọ èyí tó kẹ́yìn yẹn láìdárúkọ òkú kankan. Òun nìkan ti tó. Mi ò sọ ọ́.

"Mo kàn bi ọ́ ni," ni mo wí.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rù ń bà yín ju èmi tí mo wà nídìí ẹ̀ lọ. Ẹ lọ jẹun, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ bá mi kí màmá."

Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wọlé. Ẹni pẹ̀lẹ́ ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wọ kóòtù, ó ń lọ sílé.

"Wọ́n ń dúró de ìwé fáàfù yẹn," ó wí. "Ṣé ìwé àti ohùn..."

"Wọ́n bára mu," ni mo wí.

Kò tíì bi mí tán. Mo gbọ́ ara mi, mo sì mọ ohun tí mo ṣe. Ó mirí, ó na ọwọ́. Mo lu òǹtẹ̀, mo gbé ìwé náà fún un. Mo sọ fún ara mi pé bílẹ̀ bá mọ́, mà á tètè dé, mà á tún ohùn náà gbọ́, bó bá ṣì wí bẹ́ẹ̀, mà á pè wọ́n kó tó di aago mẹ́wàá. Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ẹni tó pa òwe yẹn, àfi bíi pé ojú mi ló ń wò.

Aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀ ni mo dé yàrá. Màmá wa ló dá mi dúró, wọ́n ní kí n bá àwọn gbé gáàsì. Kì í ṣe ẹjọ́ màmá wa. Mo lè ní kò sí àyè.

Ní pápá ìdánwò, wáyà kan yọ nígbà tí epo kò tíì kún. Nǹkan kékeré ni. Àbúrò mi ní òun á lọ tún un so. Wọ́n yẹ ìwé wò kí wọ́n tó jẹ́ kó lọ: bí fáàfù bá ti padé, tí ó sì dí dáadáa, kò séwu. Ìwé tí mo fọwọ́ sí ni wọ́n yẹ̀ wò. Fáàfù padé. Àbúrò mi jáde lọ. Epo ń jò sílẹ̀ láìsí ariwo, kò sẹ́ni tó rí i, títí iná fi sọ. Àwọn tó ń wò lórí ẹ̀rọ sọ pé iná náà kò pẹ́ tó ohun tí èèyàn á fi pe orúkọ ẹnì kan.

Mo ti di íápíìsì mú lọ́wọ́ nígbà tí fóònù dún.

Lẹ́yìn ìsìnkú àbúrò mi, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ dìde, ilé-iṣẹ́ mú èèyàn mélòó kan wá, ilé ẹ̀kọ́ mú mélòó kan. Àwọn ni èèyàn mẹ́sàn-án tí mo ní mo búra níwájú wọn. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mi ò fi Bàbá pamọ́, mi ò fi ara mi pamọ́. Mo ní kí wọ́n gbọ́ ohùn náà fúnra wọn.

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ohùn mi pe ìgbésẹ̀ kọkànlélógójì, mo pè é parí dé òdo. Bàbá mí kanlẹ̀.

"Mo rí i," ó wí, kedere, pẹ̀lú sùúrù.

Kò sáré. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Kò dà bí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò, kò sì dà bí èyí tí mo gbọ́ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Ohùn ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ ni. Mo pariwo pé irọ́ ni. Mo ní kí wọ́n wo ìwé, wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú méjìlá ni mo kọ. Wọ́n wò ó. Èyí tí wọ́n tẹ̀ jẹ́ wákàtí mẹ́rin àti ìṣẹ́jú mẹ́ta. Àgbàlagbà kan láti ilé-iṣẹ́ náà bọ́ dígí ojú rẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, màdáámù," ó wí. "Ọwọ́ ló ṣe àṣìṣe. Ẹ̀dùn ọkàn a máa ṣe èèyàn bẹ́ẹ̀."

"Kí àbúrò mi tó kú ni mo kọ ọ́."

Ó wo àwọn tó kù, wọ́n wolẹ̀.

Wọ́n ní fáàfù náà dáa nígbà tó kúrò lọ́dọ̀ wa, pé ojú ọ̀nà ló ti fara pa. Wọ́n ní èmi àti Bàbá ṣe iṣẹ́ wa bí iṣẹ́. Àdéhùn náà kò yẹ̀. Orúkọ Bàbá wà lára ilẹ̀kùn báyìí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi, òtítọ́ bá a lóòótọ́. Ó fún mi ní odindi ọ̀sán kan. Mi ò lò ó, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Mo ti tún ohùn náà gbọ́ ju ìgbà ọgọ́rùn-ún lọ. "Mo rí i" ló ń wí. Mi ò mọ ibi tí ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án yẹn lọ. Mi ò mọ ẹni tó gbé e wá.

Nígbà tí mi ò lè mú un mọ́ra mọ́, mo sọ ọ́ fún màmá wa. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, nínú kíṣìnnì. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Màmá, èmi ni mo pa á." Mo sọ ti Bàbá, mo sọ ti ohùn, mo sọ ti fóònù, bí mo ṣe dákẹ́ nígbà tó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mo ní kí wọ́n bú mi. Mo ní kí wọ́n lù mí pàápàá.

Wọn ò wò mí. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ.

"Ọmọ méjì ni mo bí," ni wọ́n wí. "Ọ̀kan ló kù. Bí mo bá gbà ọ́ gbọ́, mélòó ló máa ṣẹ́ kù fún mi?"

Wọ́n ní kí n dìde nílẹ̀, kí n wá bá àwọn ṣa èyí tó kù. Mo jókòó, mo sì ń ṣà á.